Àpótí Tí Fàsásì Fi Owú Rà

Ní agbo ilé wọn l'Ọ̀rányàn, kò sí ohun tó ń lo iná tó bàjẹ́ tí wọn kì í gbé tọ Fàsásì lọ. Ọdún kẹtàdínlógún rèé tó ti ń tún kọ̀ǹpútà ṣe ní Bẹẹrẹ. Ẹnikẹ́ni nínú ilé kì í ra ẹ̀rọ láì kọ́kọ́ bi í, títí Misbaudeen, àbúrò rẹ̀, fi gbé Clara wọlé níyàwó.

Clara ò ṣẹ ẹnikẹ́ni. Iṣẹ́ kọ̀ǹpútà ni òun náà ń ṣe ní ọ́fíìsì kan lọ́nà Ring Road. Kì í ṣe ọmọ Yorùbá, ṣùgbọ́n ó ń kúnlẹ̀ kí àgbà, ó sì ti gbọ́ èdè débi pé ó ń pa òwe. Ohun tó ń dun Fàsásì gan-an nìyẹn: kò rí àléébù kankan tó lè kà sí i lọ́rùn.

Fọ́tò ni olóògbé bàbá wọn, Yẹ̀kínì, ń yà nísàlẹ̀ Mápó fún ogójì ọdún: ìyàwó, ọmọ tuntun, àlàájì tó ń lọ Mẹ́kà. Lẹ́yìn ikú rẹ̀, Fàsásì fi odidi ọdún kan kó àwọn fọ́tò náà sórí kọ̀ǹpútà lọ́kọ̀ọ̀kan, ó sì tọ́jú wọn sínú àwọn dísìkì kéékèèké. Ọ̀kan já bọ́ lọ́jọ́ kan, ẹgbẹ̀rin fọ́tò sì bá a lọ. Àtọ́kẹ́, ìyá wọn, sunkún bí ẹni pé ọkọ rẹ̀ ṣẹ̀ṣẹ̀ kú. Ó ní kí wọ́n wá àpótí ẹ̀rọ kan sínú ilé tí gbogbo fọ́tò á wà nínú rẹ̀, tí tọmọdé tàgbà á lè máa fi fóònù wò wọ́n.

Fàsásì ti ń mi orí pé òun ti gbọ́, ló bá rí i tí ìyá yíjú sí Clara.

"Clara, irú èwo ló yẹ ká rà?"

Àfi bí ẹni fi ata sí Fàsásì lójú.

"Màmá," ni Clara wí, "àwọn àpótí kan wà tí ẹni tó ṣe wọ́n ti dì wọ́n pa. Ètò kọ̀ǹpútà tí òun fúnra rẹ̀ kọ nìkan ló lè darí wọn. Lọ́jọ́ tó bá ní òun ò tọ́jú ẹ̀ mọ́, ó parí nìyẹn. Ẹ jẹ́ ká ra kọ̀ǹpútà ọ́fíìsì àlòkù tó láyè dísìkì mẹ́rin, ká fi ètò mìíràn tó jẹ́ ọ̀fẹ́ sínú ẹ̀. Ibi tó bá bàjẹ́ la ó máa pààrọ̀."

Òótọ́ ni. Fàsásì fúnra rẹ̀ ti sọ ọ̀rọ̀ yìí kan náà fún oníbàárà kan lọ́sẹ̀ tó kọjá. Ṣùgbọ́n bó ṣe gba ẹnu Clara jáde, ó korò létí rẹ̀.

"Àlòkù kẹ̀? Fọ́tò bàbá wa lo fẹ́ kó sínú àlòkù? Iná tó máa jẹ ńkọ́? Ìnfátà ilé yìí ò lè gbé e."

"Bùọ̀dá, ẹ jẹ́ ká jọ yẹ̀ ẹ́ wò."

"Kò sóhun tá a fẹ́ yẹ̀ wò, Ìyàwó."

Ní ọjọ́ kejì, Fàsásì lọ ra ọ̀kan nínú àwọn àpótí dídì yẹn, kékeré tó ń dán, tí kò ju búrẹ́dì kan lọ. Kó tó di Jímọ̀, ó ti kó gbogbo fọ́tò sínú rẹ̀, ó sì ti pa gbogbo ohun tó wà lórí àwọn dísìkì kéékèèké rẹ́ kó lè lò wọ́n ní ìsọ̀. Ìyá rí fọ́tò ìgbéyàwó ara rẹ̀ lórí fóònù, ó bẹ̀rẹ̀ sí í ṣàdúrà fún Fàsásì. Fàsásì ń wo ojú Clara bóyá ó máa le. Clara ló ń ṣe àmín tó lọ sókè jù. Inú túbọ̀ bí Fàsásì.

"Ètò ọ̀fẹ́ tí Clara wí yẹn," ni ìyá bèèrè, "ṣé èyí náà lè gbà á?"

"Ó lè gbà á dáadáa."

Irọ́ ni. Ọpọlọ inú àpótí náà bíi ti fóònù ni, wọn ò ṣe ètò yẹn fún irú rẹ̀. Ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ ti jáde. Ní ọjọ́ Ajé, ó gbé e lọ sí ìsọ̀, ó ń fi tipátipá ti ètò náà bọ̀ ọ́ lára láti àárọ̀. Nígbà tó máa fi di Àsárì, iná orí àpótí náà kú, kò sì tàn mọ́.

Fàsásì tú àpótí náà. Ó yọ dísìkì méjèèjì inú rẹ̀, ó fi wọ́n sí kọ̀ǹpútà ìsọ̀ rẹ̀. Kọ̀ǹpútà ní òun ò rí nǹkan kan níbẹ̀, ṣé kí òun fọ̀ wọ́n mọ́? Ó yáa fà wọ́n yọ. Ó mọ ibi tí kọ̀ǹpútà tó lè kà wọ́n wà. Yàrá Clara ni. Ètò ọ̀fẹ́ yẹn ló ń darí kọ̀ǹpútà tirẹ̀.

Ó fẹsẹ̀ rìn gba Ọjà'ba lọ sílé, dísìkì nínú náílọ́ọ̀nù. Ó rò ó pé òun á ní iná ìjọba ló jó o. Ta ni ò ní gbà? Clara ti dé láti ibi iṣẹ́, ó ń ṣa ẹ̀wà lẹ́nu ọ̀nà nígbà tó débẹ̀.

"Ìyàwó," ni ó wí, "mo ti ba àpótí yẹn jẹ́. Irọ́ ni mo pa fún Màmá."

Clara gbé ẹ̀wà sílẹ̀. "Dísìkì ńkọ́, Bùọ̀dá?"

Ó kó wọn fún un. Clara so wọ́n mọ́ kọ̀ǹpútà rẹ̀, ó tẹ nǹkan díẹ̀. "Ètò inú àpótí yẹn àti èyí, ọmọ ìyá ni wọ́n," ni ó ń sọ jẹ́jẹ́. Fọ́tò bàbá sì bẹ̀rẹ̀ sí í yọ, lọ́dọọdún, bí Fàsásì ṣe tò wọ́n gẹ́lẹ́. Fàsásì jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀.

Nírọ̀lẹ́, Fàsásì fúnra rẹ̀ ló sọ gbogbo rẹ̀ fún ìyá.

"Kí ló dé tó o fi ṣe bẹ́ẹ̀, Àkànmú?" ni ìyá bi í, ó fi oríkì rẹ̀ pè é.

"Owú ni, Màmá. Clara lẹ bi, ẹ ò bi mí."

Àtọ́kẹ́ fà á jókòó. "Odidi ọdún kan lo fi dojú kọ fọ́tò bàbá rẹ. Nígbà tí ẹgbẹ̀rin yẹn sọnù, o ò jẹun fún ọjọ́ méjì. Mo ní kí n gbé ẹrù yẹn kúrò lórí rẹ ni."

Fàsásì dọ̀bálẹ̀, ó tọrọ àforíjì.

Ní Sátidé, òun àti Clara jọ lọ sọ́dọ̀ àwọn tó ń ta kọ̀ǹpútà àlòkù. Clara mọ ohun tí wọ́n ń wá. Fàsásì ló mọ ẹni tó máa ń yọ ohun rere inú ẹ̀rọ kó tó tà á. Òun ló tú mẹ́ta wò, ó kọ̀ wọ́n. Ó fọwọ́ sí ìkẹrin.

"Màdáámù, ẹ mọ nǹkan tẹ́ ẹ ń ṣe," ni ọlọ́jà sọ fún Clara.

Owú tún ta Fàsásì nínú bí abẹ́rẹ́. Ó gbé e mì.

"Ó mọ̀ ọ́n lóòótọ́," ni ó wí. "Ẹ bá wa dì í."