Àyè Tó Ṣófo Nínú Ìwé Orí Òkè

Bàbá Akínwùmí kì í sọ ìrìn àjò rẹ̀ fún ẹnikẹ́ni. Ó lè ra tíkẹ́ẹ̀tì ọkọ̀ òfurufú ní oṣù mẹ́ta ṣáájú, kó di ẹrù, kó ti ilẹ̀kùn, kó wa ọkọ̀ lọ sí pápákọ̀ òfurufú, kí àwọn aládùúgbò rẹ̀ ní Mitchellville, ní ìpínlẹ̀ Maryland nílẹ̀ Amẹ́ríkà, ṣì máa rò pé inú ilé ló wà. Ìyá rẹ̀ ló kọ́ ọ bẹ́ẹ̀ ní Ọ̀yọ́: bí a bá ń lọ, ẹnu a dákẹ́, bí a bá dé, ẹnu a ròyìn. Ẹ̀gbọ́n rẹ̀ kan rú òfin yìí. Ó ṣe ìdúpẹ́ ní ṣọ́ọ̀ṣì kó tó gba físà, kò sì kọjá Ìkẹjà. Ó ti lé ní ogójì ọdún, Bàbá kò tíì gbàgbé.

Òfin yìí náà ló fi tọ́ Tèmi, ọmọ kan ṣoṣo tó bí. Ilẹ̀ Amẹ́ríkà ni wọ́n bí Tèmi sí, Yorùbá ẹnu rẹ̀ ń tiro, àmọ́ òfin yẹn mọ́ ọn lára. Ọdún kan lẹ́yìn ikú ìyá rẹ̀, ó kó lọ sí ilé tirẹ̀ ní Forestville, ilé oníyàrá márùn-ún náà sì ku Bàbá nìkan. Ìgbà yẹn náà ni Tèmi bẹ̀rẹ̀ sí í gun òkè.

Ní ọjọ́ Ìsinmi kan nínú oṣù Keje, Bàbá ń jẹun lọ́wọ́ nígbà tí Tèmi wọlé, tí ó sì fi bébà kan síwájú rẹ̀ lórí tábìlì. Àwòrán ilẹ̀ ni, ó tẹ̀ ẹ́ jáde láti inú kọ̀ǹpútà, ó sì fi bírò pupa fa ìlà sí i.

"Daddy, ẹ wò ó. Òkè Alps ni, ní Austria. Ọjọ́ mẹ́ta ni mo máa fi rìn. Ilé mẹ́ta wà lórí òkè níbẹ̀, mo máa sùn nínú ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn. Wọ́n máa ń fúnni ní ọbẹ̀ gbígbóná àti bẹ́ẹ̀dì."

"Ta ló lọ kọ́ ilé sórí òkè?"

"Àwọn tó ń gun òkè."

"Kí ni wọ́n ń wá níbẹ̀? Ewúrẹ́ wọn ló sọnù ni?"

Tèmi bú sẹ́rìn-ín. "Ewúrẹ́ wà níbẹ̀ o, Daddy. Wọ́n pọ̀ gan-an."

"Ìwọ àti ta ni?"

"Èmi nìkan."

Bàbá gbé ṣíbí sílẹ̀. Ọ̀rọ̀ púpọ̀ wá sí i lẹ́nu, ó sì gbé e mì. Ohun tó sọ kẹ́yìn kò ju èyí tó mọ̀ látilẹ̀: "Má sọ fún ẹnikẹ́ni. Ẹni tí o bá bá pàdé lọ́nà, kí i, kí o kọjá. Má sọ ibi tí ò ń lọ."

"Yes sir. Mo mọ̀." Ó ti bébà náà sún mọ́ ọn. "Mo fi èyí sílẹ̀ fún yín. Ẹ kà á o, mo kọ nǹkan sí i."

"Mo ti gbọ́."

Kò kà á. Nígbà tí ọmọ lọ tán, ó yí bébà náà padà, ó rí i pé ẹ̀yìn rẹ̀ funfun báláú. Bàbá kì í sọ bébà nù nígbà tí ẹ̀yìn rẹ̀ bá ṣì mọ́; ìwà àpà gbáà nìyẹn lójú rẹ̀. Ó fi rúlà fa ìlà sí i, ó to orúkọ àwọn tó máa ṣe ìgbàlejò ní ṣọ́ọ̀ṣì Mẹ́tọ́díìsì wọn ní Glenarden láti oṣù Kẹjọ dé oṣù Kọkànlá. Ní ọjọ́ Ìsinmi tó tẹ̀ lé e, ó fi lé Arábìnrin Ọláídé, akọ̀wé ìjọ, lọ́wọ́. Nígbà tí ìyẹn béèrè Tèmi, ó ní iṣẹ́ ló gbé e jáde nílùú. Ọláídé láàánú, àmọ́ ẹnu rẹ̀ kò ní ìdérí.

Ọ̀sán ọjọ́ Sátidé ni fóònù dún, aago kan ti lù díẹ̀. Nọ́ńbà òkèèrè ni. Ọkùnrin kan ló ń sọ̀rọ̀, ó ní òun ni olùtọ́jú ilé kẹta lórí òkè.

"Ṣé ẹ̀yin ni bàbá Tèmi Akínwùmí? Nọ́ńbà yín ló fi sílẹ̀ nígbà tó ń gba bẹ́ẹ̀dì lọ́dọ̀ wa. A ti jẹun alẹ́ tán níbí, kò tíì dé. Fóònù rẹ̀ kò lọ."

Bàbá jókòó. Ọkùnrin náà ṣàlàyé pé ìwé ńlá kan wà nínú ilé kọ̀ọ̀kan lórí òkè. Àlejò a kọ orúkọ rẹ̀ sínú rẹ̀, a kọ ìlú tó ti wá, a sì kọ ibi tó kàn àti ọ̀nà tó fẹ́ gbà. Ìwé náà ni wọ́n fi ń wá ẹni tó bá sọnù.

"Mo ti pe ilé kejì," ni ọkùnrin náà wí. "Ó kọ orúkọ rẹ̀. Ó kọ Maryland. Àyè tó kẹ́yìn, kò kọ nǹkan kan sí i. Wọ́n tilẹ̀ bi í léèrè, ó kàn rẹ́rìn-ín ni."

Bàbá ní kó máa bá ọ̀rọ̀ rẹ̀ lọ.

"Ọ̀nà méjì ló ti ibẹ̀ wá síbí. Ọ̀kan gba góńgó òkè, èèyàn á di okùn irin mú níbẹ̀. Èkejì gba etí adágún omi. Òjò ti rọ̀, kùrukùru ti bo méjèèjì. Kí ilẹ̀ tó ṣú, ọ̀kan péré ni àwọn awáni máa lè wá tán. Ẹ̀yin lẹ mọ ọmọ yín. Èwo ló máa gbà?"

Ó kù díẹ̀ kí Bàbá ní ti góńgó òkè ni, nítorí olóríkunkun ni Tèmi láti kékeré. Ọ̀rọ̀ ti dé ahọ́n rẹ̀ kó tó rí i pé òun ò mọ̀. Ọmọ òun fúnra òun, òun ò mọ ọ̀nà tó máa gbà. Ó wá rántí ìlà pupa.

"Ẹ fún mi ní ìṣẹ́jú mẹ́wàá," ló wí.

Ó pe Ọláídé. Orin kọ́áyà ń hó lẹ́yìn rẹ̀.

"Bàbá Tèmi! Ẹ káàsán sir. Ìgbáradì là ń ṣe lọ́wọ́ o."

"Ìwé ìgbàlejò tí mo fún yín, ó dà?"

"Ó wà nínú fáìlì ní ọ́fíìsì. Kí ló dé? Ẹ fẹ́ yọ orúkọ ẹnì kan ni? Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má yọ ọkọ mi, ó ti ra táì tuntun."

"Mo kàn fẹ́ wo ẹ̀yìn rẹ̀ ni."

"Ẹ̀yìn rẹ̀ kẹ̀? Ó tọ́, ẹ jẹ́ ká kọ orin yìí tán, màá wò ó tó bá di ọ̀la."

Bàbá wo aago ara ògiri. Ìṣẹ́jú mẹ́ta ti lọ. Láti ogójì ọdún kò tíì sọ irú ọ̀rọ̀ yìí létí ẹni tí kì í ṣe ẹbí.

"Arábìnrin Ọláídé, irọ́ ni mo pa fún yín. Iṣẹ́ kọ́ ló gbé Tèmi jáde. Orí òkè kan ní Austria ló wà, ó sì ti sọnù. Ọ̀nà tó gbà wà lẹ́yìn ìwé yẹn. Wọ́n ń dúró dè mí."

Ó gbọ́ ohùn Ọláídé, ó jìnnà sí fóònù: "Ẹ dákẹ́ orin yẹn!" Orin dákẹ́. Bàtà rẹ̀ ń lu ilẹ̀, àpótí fáìlì ṣí, bébà ń ró wẹ́rẹ́wẹ́rẹ́.

"Mo ti rí i. Ìlà pupa. Ó dé ibi róbótó kan, róbótó kejì, ó wá yà sápá òsì. Omi wà níbẹ̀, wọ́n kùn ún ní búlúù. Ó kọ nǹkan síbẹ̀ pẹ̀lú, ṣé kí n kà á?"

"Ẹ kà á."

"'Daddy, ọ̀nà adágún ni mo máa gbà. Kò ga. Ẹ má bẹ̀rù.'" Ohùn rẹ̀ wálẹ̀. "Ohun tó kọ nìyẹn, sir."

Bàbá dúpẹ́, ó pe olùtọ́jú ilé orí òkè, ó sọ pé adágún ni. Kò tíì gbé fóònù sílẹ̀ dáadáa tí Ọláídé fi tún pè.

"Mo ń bọ̀ wá jókòó tì yín."

"Rárá. Ẹ máa bá ìgbáradì yín lọ."

"Bàbá, ènìyàn kan kì í jẹ́ àwá dé."

"Mo ní rárá."

Ó jókòó sídìí tábìlì ìjẹun náà. Àga mẹ́fà yí i ká, ó ń lo ọ̀kan. Ó fẹ́ gbàdúrà, gbogbo ohun tó rí wí kò ju orúkọ ọmọ lọ. Ó ronú ẹni tó yẹ kí òun pè. Ó ka orúkọ wọn lọ́kàn, ó sì rí i pé kò sí èyí tí òun ti sọ òótọ́ kan fún nípa ilé òun láti ìgbà tí aya òun ti kú. Ìta pa rọ́rọ́. Ọkọ̀ kan kọjá. Aago méjì lù. Aago méjì ààbọ̀ lù. Ó fọ àwo kan tí kò dọ̀tí, ó tún padà wá jókòó.

Aago mẹ́ta ku ìṣẹ́jú mẹ́wàá, fóònù dún. Ọkùnrin yẹn náà ni. Wọ́n ti rí i. Òkúta tútù ló yọ̀ ọ́ lẹ́sẹ̀, ó ṣubú sínú kòtò kan nísàlẹ̀ ọ̀nà adágún. Ọrùn ẹsẹ̀ rẹ̀ kan ti kán, òtútù sì ti mú un gan-an, ṣùgbọ́n ó ń sọ̀rọ̀. Wọ́n gbé fóònù sí i létí.

"Daddy?" Eyín rẹ̀ ń lu ara wọn. "Báwo ni wọ́n ṣe mọ̀?"

"Ìwọ lo sọ fún mi. Èmi ni mi ò kà á."

Bàbá gbé fóònù mọ́ etí dáadáa.

"Tèmi, kí ló dé tí o ò kọ ibi tí ò ń lọ sínú ìwé wọn?"

"Ẹ̀yin lẹ ní kí n má sọ, Daddy."

Kò sí ìbínú nínú ohùn rẹ̀ rárá. Ìyẹn gan-an ló wọ Bàbá lára jù.

Ní ọ̀sán ọjọ́ kejì, ó di báàgì kékeré kan. Wọ́n máa to eegun Tèmi ní ilé ìwòsàn kan nísàlẹ̀ òkè, kò sì sí ẹlòmíràn tó máa jókòó tì í. Ó gbé kọ́kọ́rọ́ ọkọ̀, ó dé ẹnu ọ̀nà, ó dúró. Ó padà wọlé, ó sì mú bébà tuntun kan tí ẹnikẹ́ni kò tíì kọ nǹkan sí. Ó kọ orúkọ rẹ̀ sí i. Ó kọ Mitchellville. Ó kọ orúkọ ìlú tí ilé ìwòsàn wà, nọ́ńbà ọkọ̀ òfurufú, àti ọjọ́ tó rò pé òun máa padà.

Ó fi í sórí tábìlì. Kò sí ẹni tó máa wọ ilé náà wá kà á. Ó wò ó títí, ó wá yọ fóònù, ó ya bébà náà ní fọ́tò, ó sì fi ránṣẹ́ sí Ọláídé. Ó mọ̀ dájú pé kí òun tó dé òpópónà Beltway, gbogbo ìjọ á ti gbọ́.