Orin Òwúrọ̀ Inú Kọ̀ǹpútà Susanna

"Mà, kọ̀ǹpútà yín ń ṣe iṣẹ́ tí ẹ ò rán an," ni Síkírù wí, kò tilẹ̀ wojú ẹni tó ń bá sọ̀rọ̀.

Susanna Kọ́mọláfẹ́ fa àga mọ́ra, ó jókòó tì í. Láti ìgbà tí ọkùnrin atún-kọ̀ǹpútà-ṣe náà ti dé láti Sábó ní Ṣàgámù lẹ́yìn ìrun Jímọ̀ ló ti ń wo ojú ẹ̀rọ yìí láìsọ̀rọ̀. Ọ̀rọ̀ tó wá jáde lẹ́nu ẹ̀ yìí ò sì tu èèyàn lára rárá. Síkírù ní kó tẹ orúkọ ara rẹ̀, kó sì máa wo iná kékeré tó wà níwájú àpótí ẹ̀rọ. Bó ṣe ń tẹ̀ ẹ́ ni iná ń ṣẹ́jú, bíi pé nǹkan kan wà nínú ibẹ̀ tó ń kọ ọ́ sílẹ̀. Nǹkan kan sì wà níbẹ̀ lóòótọ́.

Ohun tó gbé Síkírù wá sí Ìlárá kì í ṣe kékeré. Ìbéèrè ìdánwò tí Susanna ṣe fún àwọn akẹ́kọ̀ọ́ rẹ̀ ní yunifásítì ìjọ wọn ti dé ọwọ́ wọn kí ọjọ́ ìdánwò tó pé. Òun nìkan ló mọ ìbéèrè ọ̀hún. Ilé ló ti tẹ̀ ẹ́, orí dísíkì ló kó o sí, inú àpò tí kì í kúrò léjìká rẹ̀ ni dísíkì náà sì wà. Nítorí náà, àwọn ìgbìmọ̀ ò ronú jìnnà: ta ni ì bá tún tà á? Ọjọ́ Mọ́ńdè ni yóò lọ dá wọn lóhùn. Bí kò bá rí nǹkan gidi sọ, iṣẹ́ bọ́ nìyẹn. Iṣẹ́ ṣì ṣeé wá o, àmọ́ níbi tí gbogbo èèyàn ti mọ ilé bàbá ẹni, orúkọ ńkọ́?

"Ta ló fi orin yìí sínú ẹ̀?" Síkírù béèrè.

Ní àràárọ̀ tí wọ́n bá tan ẹ̀rọ náà, orin ìsìn kan á kọ́kọ́ dún, ọ̀rọ̀ orin náà á sì jáde lójú rẹ̀. Susanna fẹ́ràn ẹ̀ dọ́ba. Ephraim, àbúrò rẹ̀ tí wọ́n jọ ń gbé, ló fi ta á lọ́rẹ lọ́jọ́ ìbí rẹ̀. Ọmọ ìyá rẹ̀ ni. Susanna ló rán an níwèé, Susanna náà ló bá èèyàn sọ̀rọ̀ tó fi ríṣẹ́ olùkọ́ kọ̀ǹpútà ní ilé ìwé ìjọ wọn ní Ìkẹ́nnẹ́.

Síkírù ní Tírójánì ni wọ́n ń pe irú nǹkan bẹ́ẹ̀. Ó máa ń wọlé bí ẹ̀bùn ni. Bí èèyàn ṣe ń gbádùn ohun tó gbé wá, ni òun ń bá iṣẹ́ tirẹ̀ lọ lábẹ́lẹ̀. Èyí tó wà lábẹ́ orin yìí ń kọ gbogbo ohun tí Susanna bá tẹ̀ pa mọ́. Ó ṣí ibi tó ń kó wọn sí. Ìbéèrè ìdánwò wà níbẹ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan, títí kan àwọn tí Susanna tẹ̀ tó sì pa rẹ́. Àdúrà tó tẹ̀ nípa ẹsẹ̀ tó ń dun ìyá wọn náà wà níbẹ̀. Ojú tì í bí ẹni tí wọ́n yọjú wò nínú balùwẹ̀.

"Wọ́n tan àbúrò mi ni," ló sọ. "Èkó ló ti gbà á lọ́wọ́ ẹnìkan. Kò lè mọ ohun tó wà nínú ẹ̀."

Síkírù ní ó ṣeé ṣe. Ó wá tọ́ka sí ọjọ́ tí wọ́n da fáìlì náà kọ, èyí tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ orúkọ rẹ̀. "Àmọ́ ẹni tó wá kó o ní láti jókòó síbí kó ki dísíkì bọ̀ ọ́. Òwúrọ̀ Sátidé ọ̀sẹ̀ tó ṣáájú ìdánwò ni. Ṣé ẹ ṣiṣẹ́ lọ́jọ́ yẹn ni, mà?"

Mùsùlùmí ni Síkírù, kò mọ ohun tó sọ. Nínú ilé yìí, bí oòrùn bá ti wọ̀ lọ́jọ́ Jímọ̀, kò sẹ́ni tó tún ń fọwọ́ kan kọ̀ǹpútà títí oòrùn Sátidé á fi wọ̀. Ephraim fúnra rẹ̀ ló máa ń fi aṣọ funfun bò ó kí Sábáàtì tó wọlé. Ká ní ọjọ́ mìíràn ni olè náà wá, Susanna ì bá rò pé ọjọ́ tí òun ṣiṣẹ́ ni. Ó bi Síkírù bóyá aago inú ẹ̀rọ náà ò pé. Síkírù fi aago ọwọ́ rẹ̀ tó ń fi ọjọ́ hàn wé e. Wọ́n bára mu.

Susanna rántí Sábáàtì ọ̀hún dáadáa. Ibà ń ṣe Ephraim, kò lè dìde. Susanna ló rọ ògì sínú fúláàsì sí ẹ̀gbẹ́ bẹ́ẹ̀dì rẹ̀ kó tó fi òun nìkan sílẹ̀ nílé. Nínú ṣọ́ọ̀ṣì, ó dìde, ó ní kí ìjọ bá òun gbàdúrà fún àbúrò òun. Gbogbo wọn kúnlẹ̀. Bó ti rántí ìyẹn, inú rẹ̀ bàjẹ́ débi pé omijé ò wá.

Síkírù béèrè bóyá kí òun yọ ọ́ dànù. Susanna ní kó kọ́kọ́ da gbogbo rẹ̀ sórí dísíkì kan fún òun. Lẹ́yìn náà ni Síkírù yọ orin náà pẹ̀lú ohun tó wà lábẹ́ rẹ̀, ó pa ẹ̀rọ, ó tún un tàn. Ohunkóhun ò dún. Síkírù kó irinṣẹ́ rẹ̀, ó gun ọ̀kadà padà sí Ṣàgámù.

Oòrùn ti ń rẹlẹ̀ nígbà tí Ephraim wọlé. Ó kí ẹ̀gbọ́n rẹ̀, ó mú aṣọ funfun lórí àga, ó fẹ́ bo ẹ̀rọ.

"Ṣé ibà yẹn ti lọ tán?" Susanna béèrè.

"Ibà wo, Àǹtí?"

"Èyí tí mo ní kí ìjọ gbàdúrà fún ẹ lé lórí."

Ephraim wo kọ̀ǹpútà, ó wo dísíkì tó wà lórí tábìlì, aṣọ sì bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Ó kúnlẹ̀. Ó ní Dásọ́lá ni òun kó o fún, ọmọbìnrin tí òun fẹ́ fi ṣaya, tó wà lára àwọn akẹ́kọ̀ọ́ Susanna. Ọmọbìnrin náà ti féèlì kọ́ọ̀sì yẹn rí, ẹ̀rù ń bà á. Ó ní òun ò mọ̀ pé á fi han àwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀.

"Ìyẹn ò dùn mí tó èyí tó tẹ̀lé e," ni Susanna wí. "Nígbà tí wọ́n ní èmi ni mo tà á, o bá mi gbààwẹ̀, Ephraim. O di ọwọ́ mi mú, o ní Ọlọ́run á tú àṣírí ẹni tó ṣe é."

Ephraim bẹ̀rẹ̀ sí í bẹ̀ ẹ́. Ó ní kí Àǹtí jọ̀ọ́ má jẹ́ kí Màmá gbọ́, pé bí òun bá jẹ́wọ́, iṣẹ́ òun ti lọ nìyẹn. Susanna ní òun mọ̀, òun náà ló sáà bá a wá iṣẹ́ ọ̀hún. Ó mú aṣọ nílẹ̀, ó gbọn eruku rẹ̀, ó fọwọ́ ara rẹ̀ bo kọ̀ǹpútà.

"Lọ́jọ́ Mọ́ńdè, ìwọ lo máa gbé dísíkì yìí lọ bá wọn, ìwọ lo sì máa fẹnu ara rẹ sọ ọ́. Màá jókòó tì ẹ́. Tí o ò bá lọ, èmi á gbé e lọ."

Ó ti dísíkì náà bọ inú àpò Bíbélì rẹ̀. Oòrùn wọ̀. Ephraim dìde, ó nawọ́ mú ìwé orin bí wọ́n ṣe máa ń ṣe ní gbogbo ìrọ̀lẹ́ Jímọ̀, ó sì ṣí i.

"Pa á dé," ni ẹ̀gbọ́n rẹ̀ sọ. "Orin tó o ti fún mi ti tó."

Ó pa á dé. Wọ́n jókòó sínú ilé tó ń ṣókùnkùn lọ, kò sẹ́ni tó kọrin.