Ta Ló Ń Jẹ́ Aládùúgbò?

Ní gbogbo ìparí ọdún, ilé ìkàwé àwọn ọmọdé tó wà lẹ́yìn òpópónà wa máa ń pè mí pé kí n wá sọ àwọn ìwé tí mo kà lọ́dún náà, kí n sì mú ẹyọ kan tí mo fẹ́ kí àwọn ọmọ kọ́kọ́ kà. Torí pé mò ń kọ ìwé ọmọdé ni wọ́n ṣe fi mí ṣe adájọ́. Wọn ò bi mí bóyá mo lọ sí yunifásítì. N ò lọ. Ara páálí ọṣẹ àti ìwé ìròyìn tí wọ́n fi ń di nǹkan ni mo ti kọ́ ìwé kíkà. Ẹni tí ìyẹn bá ń bí nínú, ògiri wà níbẹ̀ yẹn, kó lọ forí gbá a.

Lọ́dún tó kọjá yìí, mo kàwé débi pé ojú ń ta mí. Mo ka ọ̀kan tí ewúrẹ́ ti pe ọlọ́pàá lẹ́jọ́. Ó pa mí lẹ́rìn-ín dé ìdajì, àfi bí ewúrẹ́ ṣe bẹ̀rẹ̀ sí í wàásù. Mo ka òmíràn tó nípọn bíi búlọ́ọ̀kù. Ọmọ inú ìwé yẹn ò gbọdọ̀ gbàgbé láti fọ eyín, aburú ti dé nìyẹn. Ẹni tó kọ ọ́ fẹ́ràn eyín ju ọmọ lọ. Mo ka ti ọmọbìnrin kan tó ń bá àwọn òkú tún kẹ̀kẹ́ wọn ṣe. Ìyẹn dára, àmọ́ ó parí bí ẹni tí ajá ń lé.

Lẹ́yìn náà ni mo ka ti Aládùúgbò. Bí wọ́n ṣe kọ ọ́ sẹ́yìn ìwé náà nìyẹn: Aládùúgbò. Kò sórúkọ bàbá, kò sí fọ́tò. Ẹni tó bá fojú pa mọ́ tó tún ń sọ̀rọ̀, èmi a máa wo ẹsẹ̀ rẹ̀.

Ìtàn obìnrin kan ni, tó máa ń báni parí ọ̀rọ̀. Èèyàn ò ní tíì sọ pé "ebi ń" tán, obìnrin yìí á ti ní "pa ọ́, mo mọ̀." Nígbà tó yá, gbogbo àdúgbò ń fi ìdajì ọ̀rọ̀ sílẹ̀ fún un, wọn ò tiẹ̀ rántí bí wọ́n ṣe ń parí ọ̀rọ̀ mọ́. Mo rẹ́rìn-ín títí ọkọ mi fi yọjú láti yàrá. Mo ka ibẹ̀ fún un. Mo ní irú obìnrin aláìnítìjú wo nìyí. Ó wò mí, ó padà wọlé.

Mo ṣí ojú ewé tó tẹ̀ lé e. Obìnrin yìí fẹ́ sọ̀rọ̀ pàtàkì, ló bá mú gèlè, ó fi bo ojú aago ara ògiri, kí aago má báa wo òun lẹ́nu.

Mo gbé ìwé náà sílẹ̀.

N kì í fọwọ́ kọ ìtàn. Ẹnu ni mo fi ń kọ ọ́. Màá máa rìn yí pálọ̀ ká, màá máa sọ ọ́ sínú fóònù. Àbúrò mi obìnrin, tó ń tẹ̀wé ní ọ́fíìsì lọ́yà, ni yóò gbọ́ ọ, tí yóò tẹ̀ ẹ́, tí yóò sì fi ránṣẹ́ sí àwọn atẹ̀wé. Bí ìwé bá ti jáde, màá kà á lẹ́ẹ̀kan bí àlejò, mi ò tún ní yẹ̀ ẹ́ wò mọ́. Kí n tó bẹ̀rẹ̀ sí í sọ ìtàn, gèlè mi àtijọ́ ni mo máa ń fi bo aago pálọ̀, torí ìró rẹ̀ ń dà mí láàmú. Ẹni méjì péré ló mọ̀ nípa rẹ̀ láyé yìí.

Mo kọ́kọ́ mú ọkọ mi.

"Bàbá, ṣé ẹ̀yin ni Aládùúgbò?"

"Àdúgbò wo?"

"Ẹ máa wo bọ́ọ̀lù yín."

Ó wá ku àbúrò mi. Mo tún ìwé náà kà, bí ọlọ́pàá báyìí. Mo rí i níbẹ̀: "Ẹkún lè mọ ilé wa, kò mọ yàrá tí a ń sùn." Ara mi gbóná. Nínú ìwé mi kan, gbólóhùn kan wà níparí tí àwọn olùkọ́ máa ń kọ sójú pátákó: "Ẹ̀rù lè mọ ilé wa, kò ní kọ́kọ́rọ́." Ìyá kan sọ fún mi pé ọmọ òun kì í sùn láìsọ ọ́. Mo sọ fún àbúrò mi nínú ọkàn mi pé, ọwọ́ ti tẹ̀ ọ́. Àbúrò gbólóhùn mi lo jí gbé.

N kì í pa ohùn mi rẹ́ nínú fóònù. Mo wá ti ìwé mi yẹn jáde kí n lè fi mú un. Mo gbọ́ ara mi: "Ọmọ náà gbé fìtílà sílẹ̀, ó sùn. Ó tán. Ta ló tún gbé omi sórí iná?" Kò sí ẹ̀rù níbẹ̀, kò sí ilé, kò sí kọ́kọ́rọ́. Mo tún un gbọ́. Mo tún un gbọ́ sí i.

Ẹni tó ń lépa olè, tó bá ẹrù onínǹkan nínú yàrá ara rẹ̀, igbe wo ni yóò ké?

Síbẹ̀, mi ò gba fóònù gbọ́. Bóyá ẹnu ni mo fi sọ ọ́ fún un. Mo bá dẹ pàkúté. Mo sọ ìtàn ajá kan tí gbígbó ara rẹ̀ ń dẹ́rù bà, mo sì mọ̀ọ́mọ̀ parí rẹ̀ bí ẹni tó ń sùn: "Ilẹ̀ mọ́, gbogbo wọn sì jí." Mo fi ránṣẹ́.

Nígbà tí àbúrò mi gbé títẹ̀ rẹ̀ wá, mo wo ìsàlẹ̀ pátápátá. "Ilẹ̀ mọ́, ṣùgbọ́n ilẹ̀ nìkan ló ti ṣetán."

Inú bí mi. Ohun tó bí mi nínú jù ni pé ó dáa.

"Ta ló ni èyí?" Mo fìka tọ́ ọ.

"Ẹ̀yin ni, Ẹ̀gbọ́n. Orúkọ yín ló wà lókè."

"Mi ò bi ọ́ ní ti orúkọ. Ta ló kọ ọ́?"

Ó jókòó. "Ìgbà tí mo kọ́kọ́ fi ọ̀kan sí i, mo rò pé ẹ máa rí i, ẹ máa bú mi. Ẹ kà á tán, ẹ ní, 'Ṣé o rí i bí mo ṣe mọ̀ ọ́n kọ?' Kí ni kí n wá sọ?"

"Kí o sọ pé irọ́ ni."

"Fún ẹ̀yin?"

Mo ju ìwé Aládùúgbò sí i lẹ́sẹ̀. "Kí ló dé tí o fi orúkọ pa mọ́?"

"Tí mo bá fi orúkọ ilé wa sí i, wọ́n á ní ẹ̀yin lẹ bá mi kọ ọ́." Ó gbé ìwé náà, ó nu ẹ̀yìn rẹ̀. "Ẹ jọ̀ọ́, tó bá di Sátidé nílé ìkàwé, ẹ mú ti ewúrẹ́."

"Ewúrẹ́ oníwàásù?"

"Ẹ ṣáà mú un. Tí ẹ bá mú tèmi, wọ́n á máa wádìí. Tí wọ́n bá wádìí dé ìdí, orúkọ yín ló máa bàjẹ́, kì í ṣe tèmi."

Mo wò ó. Ṣé àánú mi ló ń ṣe é ni, àbí ó ń fi ohùn pẹ̀lẹ́ halẹ̀ mọ́ mi? Ẹni tó ń gbé ọ̀rọ̀ sí èèyàn lẹ́nu láti ọjọ́ yìí wá tí èèyàn ò mọ̀, kí ni kò lè ṣe?

Nígbà tó di Sátidé, ilé ìkàwé kún. Mo sọ ti ewúrẹ́, mo sọ ti eyín, àwọn ọmọ rẹ́rìn-ín. Mo wá gbé ti Aládùúgbò sókè. Ọ̀gá ibẹ̀, tí àwọn ọmọ ń pè ní Màmá Ẹ Dákẹ́, rẹ́rìn-ín músẹ́.

"Ẹ máà bínú o, Mà. Àwa kan ti ń fura. Gbólóhùn inú ìwé yìí àti tinú tiyín jọra bí ìbejì. Ẹ̀yin gan-an ni Aládùúgbò, àbí?"

Àwọn òbí pàtẹ́wọ́. Kí n má purọ́, ó dùn létí mi. Bí mo bá rẹ́rìn-ín lásán, tèmi ni ìwé méjèèjì. Mo wo ẹnu ọ̀nà. Àbúrò mi jókòó síbẹ̀, ó ń mi orí sí mi díẹ̀díẹ̀: ẹ gbà á.

Orí tó ń mì yẹn ló ká mi lára. Kí ló fi mí pè?

"Rárá," ni mo wí. "Àbúrò mi ló kọ ọ́. Òun ló jókòó sẹ́nu ọ̀nà yẹn tó ń ṣe bí ẹni tó wá tún fáànù ṣe. Ẹ̀rù tí kò ní kọ́kọ́rọ́ tí ẹ fi ń yìn mí, òun náà ló kọ ọ́. Mo ṣẹ̀ṣẹ̀ mọ̀ ni. Ẹni tó bá fẹ́ dá ìwé mi padà, kó dá a padà."

Ọmọbìnrin kékeré kan níwájú ní, "Kí wá lẹ̀yin kọ?"

Ìyá rẹ̀ fà á lápá. Mo ní kó fi í sílẹ̀, ó béèrè ọ̀rọ̀ gidi. "Èmi ni mo máa ń sọ àwọn èèyàn inú ìtàn nù sínú igbó," ni mo sọ fún ọmọ náà. "Òun ló máa ń sọ ohun tí wọ́n rí níbẹ̀."

"Ṣé ẹ jọ ń pín in ni?"

"A ò tíì pín in."

Lójú ọ̀nà ilé, àbúrò mi kò dúró dè mí. Ẹnu géètì wa ni mo ti bá a.

"Ta ló rán yín níṣẹ́?" ló ní.

"Kò sẹ́ni tó rán mi."

"Ta ló wá máa tẹ ìtàn ajá báyìí?"

"Ìwọ ni. Orúkọ méjì ni yóò wà lẹ́yìn ìwé."

"Tèmi lókè?"

"Ṣé orí rẹ pé ṣá?"

Ó rẹ́rìn-ín, ó na ọwọ́. Ó ní kí n gbé fóònù wá, òun fẹ́ lọ gbọ́ gbogbo ohùn àtijọ́ nílé òun, kí a lè mọ èyí tó jẹ́ ti ta ni.

Mo gbé e fún un. Ẹni tó mọ ọ̀rọ̀ fi kún ìtàn mọ ohùn pa rẹ́ náà. Mo jẹ́ kó dé ìkóríta, mo sì tẹ̀ lé e.