Kí Lẹ Jẹ́ sí Olóògbé?

Akọ̀wé-má-dáná ni ọkọ rẹ̀ ń pè é, nítorí ó máa ń kọ̀wé títí ọbẹ̀ á fi jóná. Lọ́jọ́ tí ọkùnrin náà ní kó yan ọ̀kan nínú ìwé kíkọ àti ilé ọkọ, kò jiyàn. Ó palẹ̀ ẹrù mọ́, ó jáde. Ìyá rẹ̀ ò gbà á sílé.

"Padà sọ́dọ̀ àwọn tí mo fà ọ́ lé lọ́wọ́," ni ìyá wí.

Nọ́ọ̀sì, ọ̀rẹ́ rẹ̀ láti ilé ìwé, ló fún un ní iyàrá kan nínú ilé tó háyà. Ibẹ̀ ló ti kọ gbogbo ìwé rẹ̀. Bí Nọ́ọ̀sì bá tibi iṣẹ́ dé, á bọ́ bàtà, á nasẹ̀ sórí àga.

"Ó yá, kà á sí mi létí. Bí mo bá sùn lọ, kò dùn nìyẹn."

Ibẹ̀ ni irun àwọn méjèèjì funfun sí.

Ọjọ́ kan ni Nọ́ọ̀sì ṣubú lẹ́nu iṣẹ́, kò sì dìde mọ́. Òǹkọ̀wé sáré dé ọsibítù. Ọmọbìnrin tó jókòó sẹ́nu ọ̀nà bi í pé, "Kí lẹ jẹ́ sí olóògbé?"

"Ọ̀rẹ́ ni wá."

"Ẹ má bínú, mà. Ẹbí nìkan ló lè wọlé."

Obìnrin tó ń fi ọ̀rọ̀ jẹun ń wá orúkọ tó máa pe ara rẹ̀. Bí ọkọ bá kú, opó ni wọ́n ń pe ìyàwó. Ẹni tí ọ̀rẹ́ rẹ̀ kú ò lórúkọ.

Ẹ̀gbọ́n Nọ́ọ̀sì dé, ọkùnrin tí kò fẹsẹ̀ tẹ ilé wọn rí. "Ẹ̀yin lẹ mọ̀wé kọ," ló wí. "Ẹ bá wa kọ ohun tá a máa kà níbi ìsìnkú."

Ó kọ ọ́, ó ń kọ, ó ń nujú.

Lọ́jọ́ ìsìnkú, ẹ̀yìn pátápátá ni wọ́n fi í jókòó sí. Ẹ̀gbọ́n gun pèpéle. Gbogbo ibi tí òǹkọ̀wé kọ "ọ̀rẹ́ mi" sí, "àbúrò mi" ló ń kà. "Èmi ni mo máa ń kàwé sí i létí," ló wí, ohùn rẹ̀ ń gbọ̀n. Àwọn èèyàn sunkún. Wọ́n ní irú ẹ̀gbọ́n báyìí ṣọ̀wọ́n.

Nígbà tí wọ́n jáde, ẹ̀gbọ́n wá bọ̀ ọ́ lọ́wọ́. "Ẹ ṣeun. Ọ̀rọ̀ yẹn wọ̀ wọ́n lákínyẹmí ara."

"Irú ìwé wo lẹ máa ń kà fún un?"

Ọkùnrin náà wolẹ̀. "Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má ba ọjọ́ òní jẹ́. Obìnrin méjì, kò sí ọkọ nílé. Ẹ mọ̀ pé àwọn èèyàn á máa bèèrè."

"Kí wọ́n bèèrè!"

Àmọ́ ó ti kọjú sáwọn àlejò.

Nígbà tó délé, baba tó ń gbé ìsàlẹ̀ kí i. "Ẹ kú ara fẹ́ra kù o. Iyàrá tó ṣófo yẹn ńkọ́? Àbúrò ìyàwó mi ń wá ilé."

Ẹ̀rín ló kọ́kọ́ pa á. Ó gòkè lọ, ó jókòó sórí bẹ́ẹ̀dì Nọ́ọ̀sì, ó sì sunkún títí ohùn rẹ̀ fi há.