Rédíò Tó Wúwo

Àfọwọ́fà ni. Ẹnikẹ́ni ò tì mí.

Ogójì ọdún ni bàbá mi fi tún rédíò ṣe kí ojú wọn tó fọ́. Àbúrò mi ọkùnrin lóun ò kọ́ṣẹ́ náà, ìjà dé, ó bínú kúrò nílé. Ọdún mẹ́sàn-án rèé, wọn ò bára wọn sọ̀rọ̀. Àṣé sọ̀rọ̀sọ̀rọ̀ ni bọ̀bọ́ náà máa dà lókè òkun, ní iléeṣẹ́ kékeré kan tó jẹ́ pé orí íńtánẹ́ẹ̀tì nìkan la ti ń gbọ́ ọ, láago méjì ọ̀sán. Mo sọ fún bàbá.

Wọ́n wá ní, "Mi ò ní pè é o. Ṣùgbọ́n mo fẹ́ gbọ́ ohùn ẹ̀ kí n tó kú."

Láago méjì, ibi iṣẹ́ lèmi máa ń wà, nídìí ẹ̀rọ ìránṣọ, èmi àti fóònù mi. Rédíò tó ń gbé iléeṣẹ́ orí íńtánẹ́ẹ̀tì ló kù, èyí tí bàbá lè fọwọ́ yí fúnra wọn.

Ní ṣọ́ọ̀bù, méjì péré lowó mi ká. Ọ̀kan fúyẹ́ bíi páálí ìṣáná, èkejì wúwo dáadáa. Ọ̀rọ̀ bàbá la fi dàgbà nílé wa: "Rédíò tó bá fúyẹ́, òfìfo ni." Ọlọ́jà tan èyí tó wúwo, orin ń dún kíkankíkan, mo sanwó. Mi ò tiẹ̀ béèrè iléeṣẹ́ àbúrò mi. Kí ló kọ lù mí?

Ilé ni mo dé kí n tó rí i pé wọ́n ti to gbogbo iléeṣẹ́ tó lè gbé sínú ẹ̀ láti ibi tí wọ́n ti ṣe é. Ti àbúrò mi ò sí níbẹ̀, kò sì ṣeé fi kún un. Èyí tó fúyẹ́ yẹn ló ṣeé fi iléeṣẹ́ míì kún. Mo sáré padà.

"Àǹtí, ọjà tá a bá ti tà kì í padà," lọlọ́jà wí. Mo bẹ̀ ẹ́ títí, kò gbà.

Ẹnu mi ò gbà á láti sọ fún bàbá. Lówùúrọ̀ ọjọ́ kejì, mo yí i sí iléeṣẹ́ kan tó ń sọ èdè wa.

"Ṣé ibẹ̀ ló ti máa sọ̀rọ̀?"

"Ẹ fara balẹ̀, bàbá, ó máa dáa." Mo gbọ̀nà ibi iṣẹ́.

Nígbà tí mo padà délé lálẹ́, bàbá jókòó sétí bẹ́ẹ̀dì, wọ́n ti pa rédíò náà. Omijé ti gbẹ sí wọn lẹ́rẹ̀kẹ́.

"Mo gbọ́ ọ," ni wọ́n wí. "Láago méjì géérégé. Ó ní bàbá òun kú lọ́dún tó kọjá. Ó ń sọ fún gbogbo ayé pé mo ti kú."

"Yéè! Bàbá, kì í ṣòun o! Ẹlòmíì ni! Iléeṣẹ́ míì ni mo tàn fún yín, èmi ni mo ṣàṣìṣe!"

"Má purọ́ gbè é. Èmi tí mo bí i, ṣé mi ò ní mọ ohùn ẹ̀ ni?"

Mo kúnlẹ̀, mo búra, mo sunkún. Ẹ̀pa ò bóró mọ́. Mo bá fi fóònù pe àbúrò mi, mo sì gbé e sún mọ́ wọn.

"Àǹtí mi, ṣé kò sí wàhálà?" ló wí. "Bàbá ńkọ́?"

Bàbá ti fi ọwọ́ méjèèjì di etí, wọ́n kọjú sí ògiri.

"Sọ fún un pé òkú kì í gbọ́ ìpè."