Mummy 1 Dé Mummy 43

Ní ṣọ́ọ̀bù ìtẹ̀wé mi ní Ìkòsì, Keziah ló ń tẹ lẹ́tà fún àwọn oníbàárà. Ọmọ tó lẹ́kọ̀ọ́ ilé ni, kì í pe àgbà lórúkọ. Nígbà tí mo wá lẹ́tà Alhaja Sẹ̀kínát nínú kọ̀ǹpútà, 'Mummy 1' dé 'Mummy 43' ni mo bá níbẹ̀. Inú bí mi gan-an. Mo ní kó fi orúkọ oníkálukú sórí fáìlì rẹ̀, torí kọ̀ǹpútà kì í ṣe ọmọ ẹnikẹ́ni.

Lọ́jọ́ kejì, Alhaja fúnra wọn wo ojú kọ̀ǹpútà, wọ́n rí 'Sekinat' lásán.

"Ọláṣùpọ̀, ìgbà wo ni mo di ẹgbẹ́ ẹ?"

Keziah rọra ti kííbọ́ọ̀dù sọ́dọ̀ mi. Mo tẹ 'Mummy 1', kí wọ́n má baà tún bi mí pé ta ló ṣáájú wọn.