Irunmú Orrin Tasker

"Fá a kúrò," ni Orrin Tasker wí, ó na àgbọ̀n sókè bí ẹni tí wọ́n fẹ́ ya àwòrán rẹ̀ sára owó. "Fá gbogbo ẹ̀. Ojú ni mo fi ń ṣiṣẹ́, kì í ṣe irun. Bó o bá fá orí mi mọ́ ọn, tó o tún gé imú mi lé e, obìnrin tó bá rí mi ní gbogbo Amẹ́ríkà yìí á ṣì gbé ọmọ ẹ̀ pamọ́."

Onígbàjámọ̀ wo irunmú náà tìyanu-tìyanu. Ó tín-ín-rín, ó dúdú, ó tẹ̀ sókè ní ìkángun méjèèjì bí ìwo, ó sì ń dán yinrin nítorí pòmáàdì olóòórùn kànáfùrù tí Orrin máa ń fi kùn ún láràárọ̀. Ọdún mọ́kànlá ni irun yìí ti ń gba ilẹ̀ lọ́wọ́ àwọn opó, tó ń jí màlúù, tó ń yìnbọn fún ọlọ́pàá láti ẹ̀yìn, nínú àwọn fíìmù darandaran olórin tí wọ́n ń ṣe lórí àwọn òkè tó wà lẹ́yìn Los Angeles. Onígbàjámọ̀ bi í lẹ́ẹ̀kan sí i bóyá ó dá a lójú. Orrin ní kó má fi àkókò òun ṣòfò, òkú ni òun, òkú kò sì nílò irunmú.

Òótọ́ ni. Ọjọ́ Ajé ni àkítọ̀, ẹni rere inú eré, ti yìnbọn pa á nínú fíìmù ọ̀sẹ̀ yìí. Hoyt, ọ̀dọ́kùnrin tó máa ń ṣubú dípò rẹ̀ nítorí pé wọ́n jọra láti ẹ̀yìn, ti yí gbirigbiri látorí àpáta fún un. Iṣẹ́ Orrin ti parí.

Lórí àga kejì, Bàbá Dub Hensley jókòó pẹ̀lú ọṣẹ ní gbogbo ojú, ó ń rẹ́rìn-ín sínú ọṣẹ náà. Bàbá Dub ni ọ̀rẹ́ àkítọ̀ nínú àwọn fíìmù wọn. Iṣẹ́ rẹ̀ ni kó jábọ́ látorí kẹ́tẹ́kẹ́tẹ́, kó ki orí bọ ìkòkò, kó sì sọ ọ̀rọ̀ tí kò bójú mu fún olórí ìlú. Lọ́sẹ̀ tó ń bọ̀, ó ń lọ sí ilé-iṣẹ́ mìíràn tó lówó ju tiwọn lọ. Àyè rẹ̀ ṣófo nìyẹn, òní sì ni Ọ̀gá Krug, olùdarí wọn, máa yan ẹni tó máa bọ́ sí i.

Àyè yẹn ni Orrin ń wá, ìdí rẹ̀ kò sì ṣòro. Ìparí kan náà ni gbogbo fíìmù wọn ní: àkítọ̀ á gun ẹṣin funfun rẹ̀, oòrùn á máa wọ̀ lẹ́yìn òkè, gìtá á dún, orin ìkẹyìn á bẹ̀rẹ̀, ọ̀rẹ́ àkítọ̀ á sì wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ tí á máa ṣi ègbè gbé. Orrin kò tíì wà níbi orin ìkẹyìn rí. Kí wọ́n tó débẹ̀, wọ́n á ti pa á, á ti wọ bọ́ọ̀sì, á ti wà nílé níbi tó ti ń jẹ ẹ̀wà inú agolo. Ó wù ú kí òun ṣì wà láàyè nígbà tí orin bá bẹ̀rẹ̀. Kò jù bẹ́ẹ̀ lọ.

"Irun kọ́ ni ìṣòro ẹ," ni Bàbá Dub wí. "Bíṣọ́ọ̀bù ni."

Bíṣọ́ọ̀bù ni ẹṣin funfun náà. Lára pátákó ìpolówó, orúkọ rẹ̀ ló máa ń tẹ̀ lé ti àkítọ̀, àlàfo á sì wà díẹ̀ kí wọ́n tó kọ orúkọ àwọn ènìyàn yòókù. Gbogbo ayé ló mọ̀ ọ́n sí ẹṣin tó mọ ènìyàn burúkú. Bí Orrin bá ti yọjú, Bíṣọ́ọ̀bù á fi etí lé ọrùn, á ṣí eyín sílẹ̀, kò sì sí ẹni tó kọ́ ọ. Ní ọjọ́ Àjíǹde, nígbà tí alásè ilé-iṣẹ́ wọn gbé ẹran ẹlẹ́dẹ̀ yíyan jáde fún àsè, ẹṣin náà fẹ́ bu ọkùnrin yẹn jẹ ní gbangba. Kó tó di ìrọ̀lẹ́, Ọ̀gá Krug ti lé alásè lọ. Ó ní ẹṣin kì í purọ́. Kò lè ṣe kí ọkùnrin náà má ti máa jí ṣúgà. Láti ọjọ́ yẹn, búrẹ́dì gbígbẹ ni wọ́n ń jẹ lọ́sàn-án.

Bẹ́ẹ̀, ẹ̀gbẹ́ Bíṣọ́ọ̀bù gan-an ni ọ̀rẹ́ àkítọ̀ ti gbọ́dọ̀ máa gun kẹ́tẹ́kẹ́tẹ́ rẹ̀.

Orrin fi ọwọ́ da ọ̀rọ̀ náà nù. Ó ní òṣèré bíi tòun ni Bíṣọ́ọ̀bù. Ìwà ìkà tí òun ń kó sójú ló ń rí, ó sì ń fi etí pàtẹ́wọ́ fún òun. Lọ́jọ́ tí òun bá kó ìwà rere sójú, á rí ìyẹn náà.

"Ojú yẹn náà?" Bàbá Dub béèrè.

Abẹ fá irunmú náà láti ọ̀tún sí òsì. Onígbàjámọ̀ fi omi lásán nu ètè rẹ̀, kò sí ohun tí pòmáàdì tún fẹ́ kùn níbẹ̀. Orrin wo dígí. Ẹnì kan tó dà bí akọ̀wé ilé ìfìwéránṣẹ́ ń wò ó padà.

Ẹ̀ṣọ́ ẹnu ọ̀nà ilé-iṣẹ́ wọn bi í pé ta ló wá rí. Orrin sọ orúkọ rẹ̀. Ẹ̀ṣọ́ rẹ́rìn-ín, ó ní òun mọ Tasker, ojoojúmọ́ ló ń gba iwájú òun kọjá, òun kì í tilẹ̀ fẹ́ kí àwọn wo ojú ara àwọn. Orrin bá di ojú òsì díẹ̀, ó jẹ́ kí ètè fà sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, ojú tí ìyá ìjọ kan ní Kansas tìtorí rẹ̀ sá jáde nínú sinimá.

"Ẹ pẹ̀lẹ́ o," ni ẹ̀ṣọ́ wí. "Eyín ni àbí ikùn?"

Lẹ́yìn náà ló fi ọwọ́ hàn án pé kó dara pọ̀ mọ́ àwọn tó wá ṣe èrò lónìí. Báyìí ni Orrin Tasker ṣe wọ ibi iṣẹ́ tó ti lo ọdún mọ́kànlá, láàárín àwọn tí wọ́n ń sanwó fún kí wọ́n lè jókòó kí wọ́n má sọ̀rọ̀.

Nínú ilé ọtí onípátákó tí wọ́n kọ́ sórí òkè, Ọ̀gá Krug ń já irun orí ara rẹ̀. Fíìmù ti bàjẹ́. Ìmọ́lẹ̀ ti ba ibi tí ọ̀daràn ti kọ́kọ́ wọ ilé ọtí jẹ́, gbogbo rẹ̀ ti funfun bí wàrà, wọ́n sì gbọ́dọ̀ tún un yà kí oòrùn tó yí. Wọ́n ti rán mọ́tò lọ sílé Tasker, wọn ò bá a.

"Níbo ni Tasker wà?" Ọ̀gá Krug béèrè, ó wo Orrin lójú kòrókòró, ó sì tún kọjú sí ẹlòmíràn.

Orrin la ẹnu. Ẹnu ọ̀hún ṣí, ọ̀rọ̀ sì ti dé eyín, àmọ́ ó rí Hoyt tí wọ́n ń mú bọ̀. Wọ́n ti wọ ẹ̀wù dúdú Orrin fún un, wọ́n ti dé fìlà dúdú Orrin lé e lórí. Obìnrin tó ń ṣe ojú fún àwọn òṣèré ń lẹ irunmú àtọwọ́dá mọ́ ọn lẹ́nu, ó ń bọ ìka sínú agolo pòmáàdì Orrin, ó ń fi kùn ún kó lè dán. Nígbà náà ni nǹkan kan ta Orrin lọ́kàn. Gbogbo ọdún wọ̀nyí, òun kò tíì jókòó nínú yàrá tí òun ń wọ̀ bọ̀ rí. Báwo ló ṣe ń rí?

Ó pa ẹnu dé. Ó jókòó sídìí tábìlì kan lẹ́gbẹ̀ẹ́ fèrèsé, níbi tí Bíṣọ́ọ̀bù máa ń ki orí wọlé láti wá àkítọ̀. Àkítọ̀ fúnra rẹ̀, Clay Landry, wà ní igun yàrá pẹ̀lú fìlà funfun, ó ń yí okùn gìtá. Ohùn Clay dùn bí oyin, ṣùgbọ́n kò sí ẹni tó ń bi í ní ìbéèrè. Gbogbo wọn ló gbà pé orin nìkan ló wà nínú orí náà.

Wọ́n ní kí ẹ̀rọ máa yí. Ilẹ̀kùn ṣí.

Hoyt kò ṣe nǹkan kan. Hoyt kò mọ nǹkan kan ṣe. Ọmọ tó máa ń kí ìyá ẹ̀ lórí fóònù lóròòwúrọ̀ ni. Ó kàn dúró. Ṣùgbọ́n irunmú yẹn wọlé ṣáájú rẹ̀, ó wo yàrá yíká, gbogbo ife sì dúró lójú kan. Òtútù mú Orrin lẹ́yìn ọrùn. Kó tó mọ ohun tó ń ṣe, ó ti yọ́ látorí àga, ó ti wà lábẹ́ tábìlì, ó di fìlà mú sí àyà. Kì í ṣe eré. Ẹ̀rù ara rẹ̀ ló ń bà á.

Lójú fèrèsé, Bíṣọ́ọ̀bù fi etí lé ọrùn, ó ṣí eyín sí Hoyt. Lẹ́yìn náà ó yí orí kúrò lọ́dọ̀ rẹ̀ pẹ̀lú ìríra, ó na ọrùn gígùn wọlé, ó wá Orrin rí lábẹ́ tábìlì, ó gbé imú lé e léjìká bí ẹni tó ti rẹ̀. Ó wá bẹ̀rẹ̀ sí í jẹ fìlà rẹ̀.

Yàrá wó fún ẹ̀rín. Ọ̀gá Krug náà rẹ́rìn-ín títí ó fi jókòó. Ó bi í pé kí lorúkọ rẹ̀, ibo ló ti ń bọ̀, ta ló kọ́ ọ ní irú ẹ̀rù yẹn.

"Orrin Tasker ni mí, Ọ̀gá."

Ẹ̀rín yẹn tún pọ̀ ju ti àkọ́kọ́ lọ. Ìgbà tí Bàbá Dub dé, tó búra pé lójú òun ni wọ́n ti fá a, ni wọ́n tó dákẹ́. Ọ̀gá Krug sún mọ́ Orrin, ó wo ojú náà láti òkè dé ìsàlẹ̀ bí ẹni ń wá ilé nínú àdúgbò tí wọ́n ti wó. Ó wá ní kí wọ́n ṣí irunmú lẹ́nu Hoyt wá.

Wọ́n lẹ̀ ẹ́ mọ́ Orrin. Bíṣọ́ọ̀bù fi etí lélẹ̀, ó fẹ́ gé e ní àgbọ̀n. Wọ́n ṣí i kúrò, wọ́n fi ọtí nu ètè rẹ̀ mọ́. Ẹṣin tún gbé imú lé e léjìká. Wọ́n lẹ̀ ẹ́ mọ́ Bàbá Dub, arúgbó tí àwọn ọmọdé máa ń di mọ́ lẹ́sẹ̀ lójú títì, ẹṣin sì fi igbe lé e dé ẹnu ọ̀nà. Ló bá di pé wọ́n tò. Ẹni tó ń gbé iná gbìyànjú. Obìnrin tó ń ṣe ojú gbìyànjú. Ọ̀gá Krug fúnra rẹ̀ lẹ̀ ẹ́ mọ́ ẹnu, ó ní ẹṣin á mọ ọ̀gá ẹ̀, Bíṣọ́ọ̀bù sì fi eyín fa apá ẹ̀wù rẹ̀ ya dé ìgbúnwọ́.

Inú Ọ̀gá Krug dùn ju ti ẹni tó ní ẹ̀wù méjì lọ. Ó ní òun ti mọ̀ látọjọ́ pípẹ́ pé inú irun ni ìwà ìkà wà, ẹṣin ti jẹ́rìí, òun á sì ní kí wọ́n gbé e jáde nínú ìwé ìròyìn. Lójú ẹsẹ̀ ló pín iṣẹ́: Hoyt ni ọ̀daràn láti òní lọ, Orrin ni ọ̀rẹ́ àkítọ̀. Wọ́n pàtẹ́wọ́. Bàbá Dub bọ́ fìlà rẹ̀ tó ti ya létí, ó fi dé Orrin.

Orrin ti rí i gbà. Á wà láàyè níbi orin ìkẹyìn. Ó fi ìka kan ètè òkè, ibẹ̀ tutù bí ilé tí wọ́n ti kó ẹrù inú ẹ̀ lọ. Ní òdìkejì yàrá, Hoyt tún ti lẹ irunmú náà padà, ó ń fi ohùn ìsàlẹ̀ béèrè kọfí, wọ́n sì sáré gbé e wá fún un. Ọdún mọ́kànlá ni Orrin fi rò pé òun ló ń gbé irunmú kiri. Irunmú ló ń gbé e. Síbẹ̀, àyà rẹ̀ fúyẹ́ lọ́nà tí kò retí, bí ti ẹni tó gbọ́ pé kì í ṣe òun ni wọ́n ń bú.

"Pòmáàdì yẹn ni," ni Clay Landry wí láti igun yàrá, kò gbé ojú kúrò lára gìtá.

Gbogbo wọn yíjú sí i.

"Nígbà tí Bíṣọ́ọ̀bù wà lọ́mọdé, eyín ẹ̀ kan jẹrà. Epo kànáfùrù ni wọ́n rọ sí i kí wọ́n tó fà á yọ. Kò fẹ́ gbóòórùn ẹ̀ mọ́ látìgbà náà. Bí ẹ bá fi kun páálí, á gé páálí jẹ."

Ọ̀gá Krug wo apá ẹ̀wù rẹ̀. Hoyt gbé kọfí kalẹ̀ jẹ́jẹ́.

"Alásè wa ńkọ́?" Bàbá Dub béèrè. "Ṣé òun náà ń kun pòmáàdì ni?"

Clay yí okùn kan, ó ta á, ó fetí sí i.

"Rárá, bàbá," ló wí. "Ẹran ẹlẹ́dẹ̀ ọjọ́ Àjíǹde yẹn ni wọ́n fi kànáfùrù gún lára."